Àwọn Àwo Orin Ẹgbẹ́ Yes: Ibi Tí Mo Rò Pé Ó Yẹ Kí Etí Ọmọ Èkìtì Ti Bẹ̀rẹ̀

Àbúrò mi kan tí ó ń ta gìtá ní ìjọ wa ní Adó-Èkìtì ni ó bi mí ní ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn níhìn-ín. Ó ti gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan láti ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń pè ní Yes, lẹ́nu ẹni tí ó kọ́ ọ ní gìtá. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì bá àwo orin tí ó lé ní ogún pàdé, láìka àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Èyí tí mo gbọ́ lánàá, ẹyẹ ni wọ́n jẹ́ kí ó máa ké fún bí ìṣẹ́jú kan gbáko kí wọ́n tó rántí pé àwọn ní gìtá lọ́wọ́." Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé láìmọ̀, ibi tí ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó kàn tètè pa á ni.

Bí ènìyàn bá gbé ìbéèrè yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹgbẹ́ náà tipẹ́, ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú àwo Fragile ti ọdún 1971, nítorí pé orin "Roundabout" wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn a ní kí ó gba ọ̀nà tí ó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó fi àwo tí wọ́n ń pè ní 90125 ti ọdún 1983 ṣíde, nítorí pé inú rẹ̀ ni "Owner of a Lonely Heart" wà, orin kúkúrú tí ènìyàn lè jó sí. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ìmọ̀ràn méjèèjì ni èrò pé orin gígùn a máa dẹ́rù ba ẹni tuntun, àti pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi díẹ̀ tọ́ ọ lẹ́nu wò. Èrò náà lè tọ́ fún ẹni tí ó dàgbà sídìí orin oníṣẹ́jú mẹ́ta. Èmi kò gbà pé ó tọ́ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a fi tọ́ etí tiwa. Nínú yàrá àlejò bàbá mi, àwọn àwo tí ó wà lábẹ́ giramafóònù kì í sábà ní ju orin kan tàbí méjì lọ ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ebenezer Obey a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwúre, a ki olówó kan, a kọjá sínú òwe, gìtá a sọ̀rọ̀, gángan a dá a lóhùn, orin a yí padà lẹ́ẹ̀mẹrin láìdúró, abẹ́rẹ́ á sì ti rìn dé àárín àwo kí ìyá mi tó rántí pé òun gbé omi kaná. Bákan náà ni Sunny Adé. Ní ọdún 1975, Fẹlá gbé àwo kan jáde tí ó pè ní Confusion. Orin kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, ojú méjèèjì ni ó sì gbà tán. Ẹni tí irú èyí ti mọ́ lára láti kékeré kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi orin kúkúrú tàn án wọlé. Orin tí ó parí kí ènìyàn tó jókòó dáadáa ni ó yẹ kí ó ṣàjèjì sí i.

Ohun kejì tún wà tí ó jẹ́ ti Èkìtì ní pàtàkì. Àwọn onímọ̀ orin ti ṣàkíyèsí rẹ̀ tipẹ́ pé níbi tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ti sábà máa ń fi ohùn kan náà gbe orin, orin ìbílẹ̀ Èkìtì a máa pín sí ohùn méjì tí ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ fetí sí àwọn ìyá wa níbi ìnáwó òkú àgbà: kò sí ẹni tí ó pín ohùn fún wọn, kò sí ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ohùn náà ń pín fúnra rẹ̀. Yes jẹ́ ẹgbẹ́ tí gbogbo ẹwà rẹ̀ dúró lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Jon Anderson, tí ohùn rẹ̀ ga tí ó sì mọ́ gaara, ni ó ń lé orin ní àwọn ọdún 1970. Chris Squire tí ń ta béèsì àti Steve Howe tí ń ta gìtá ni wọ́n ń gbè é, wọn kì í sì í fìgbà gbogbo gbe ohun tí ó lé. Squire tilẹ̀ ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ó wà lọ́mọdé, èyí sì hàn nínú bí ó ṣe ń wá àyè sí abẹ́ ohùn Anderson.

Ìtàn wọn kò gùn láti sọ títí dé ibi tí a nílò rẹ̀ dé. Anderson àti Squire ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1968, pẹ̀lú Peter Banks lórí gìtá, Tony Kaye lórí dùùrù àti Bill Bruford nídìí ìlù. Àwo méjì àkọ́kọ́, Yes ti ọdún 1969 àti Time and a Word ti ọdún 1970, ni mo máa ń gbójú fò fún ẹni tuntun. Orin àwọn ẹlòmíràn ṣì wà nínú wọn, ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ náà kò sì tíì múlẹ̀. Howe rọ́pò Banks ní ọdún 1970. Ní ọdún 1971, Rick Wakeman, tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Royal College of Music kí ó tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìparí, rọ́pò Kaye. Àwọn márùn-ún yìí, Anderson, Squire, Howe, Wakeman àti Bruford, ni wọ́n ṣe Fragile, tí wọ́n sì ṣe àwo tí mo ní kí àbúrò mi padà lọ gbọ́.

Àwo náà ni Close to the Edge, tí ó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1972. Orin mẹ́ta péré ni ó wà nínú rẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 38. Orin tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ gba gbogbo ojú kìíní, ó sì lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 18. Orin méjì yòókù, "And You and I" àti "Siberian Khatru", ni wọ́n pín ojú kejì.

Ẹyẹ àti omi ni a kọ́kọ́ ń gbọ́. Ohùn wọn ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó ń ga díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń rìn lọ sí ìdí omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò ṣe máa ń gbọ́ ọ kí ojú rẹ̀ tó tó o. Lẹ́yìn náà, láìsí ìkìlọ̀ kankan, gbogbo ohun èlò bú sẹ́kún lẹ́ẹ̀kan náà: gìtá Howe ń já bí ẹni tí inú ń bí, béèsì Squire ń gun òkè lọ láìwẹ̀yìn, ìlù Bruford kò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni dọ́gba. Ibí yìí ni àbúrò mi ti pa á, n kò sì dá a lẹ́bi. Etí àkọ́kọ́ á máa rò pé àwọn onílù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú agbo ni, tí olúkúlùkù ń dán awọ rẹ̀ wò kí ìyáàlù tó pè wọ́n jọ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fetí sílẹ̀, á gbọ́ pé lójijì, láàárín ariwo náà, gbogbo wọn a dákẹ́ pọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ohùn ènìyàn nìkan a dún kúkúrú, wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tí òun ń lọ kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ariwo náà bá wá tú, tí gìtá mú ohùn kan jáde tí ó rọrùn láti fẹnu kọ, ohùn tí a ó tún máa pàdé lóríṣiríṣi àwọ̀ títí orin yóò fi parí, ìtura tí ó ń bá a wọlé pọ̀ débi pé ènìyàn á mọ ìdí tí wọ́n fi kọ́kọ́ dà á láàmú.

Orin náà pín sí apá mẹ́rin, àmọ́ wọn kò dá àwọn apá náà dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Apá kẹta, tí wọ́n pè ní "I Get Up, I Get Down", ni mo fi ń dán ènìyàn wò bóyá ó ti wọlé. Ìlù a dákẹ́. Squire àti Howe a máa kọ ọ̀rọ̀ tiwọn nísàlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Anderson a sì máa kọ ọ̀rọ̀ mìíràn lókè, kò sí èyí tí ó dúró de ìkejì, kò sì sí èyí tí ó dí ìkejì lọ́wọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, Ìkọ́gòsì ni ó wá sí mi lọ́kàn, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìwà rẹ̀ mú títí wọ́n fi pàdé. Lẹ́yìn èyí ni dùùrù ńlá ṣọ́ọ̀ṣì bú jáde lábẹ́ ìka Wakeman. Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni mo wí, irú èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa tí a tọ́ dàgbà nínú ìjọ Áńgílíkà mọ ìró rẹ̀ nínú eegun. Láti ibẹ̀ ni orin tún ti gbéra sá, tí ó gòkè dé apá tí ó kẹ́yìn, tí gbogbo ohùn sì kó ara wọn jọ. Lẹ́yìn náà ẹyẹ àti omi padà wá gẹ́gẹ́ bí a ṣe bá wọn.

Àwọn kan á bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ orin náà. Ó hàn pé ìwé Siddhartha tí Hermann Hesse kọ, níbi tí ọkùnrin kan ti jókòó ti odò títí ó fi rí ohun tí ó ń wá, wà lọ́kàn Anderson nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ máa tú u ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan á kàn dá ara rẹ̀ lágara ni, nítorí pé Anderson a máa yan ọ̀rọ̀ nítorí ìró rẹ̀ bí ó ti ń yàn án nítorí ìtumọ̀. Èyí kì í ṣe àjèjì sí wa. Nígbà tí wọ́n bá ń kì wá ní oríkì ìdílé wa, orí wa a máa wú, ara wa a sì máa ṣègìrì, kí a tó bi ara wa léèrè ohun tí ìdajì àwọn ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Irú etí bẹ́ẹ̀ ni ẹ gbé wá síbí.

Ní ojú kejì, gìtá olókùn méjìlá ni Howe fi ṣí "And You and I", orin tí ó rọlẹ̀, tí ó sì jẹ́ èyí tí ìyàwó mi fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ náà ṣe. "Siberian Khatru" ni ó sún mọ́ ijó jùlọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ bí gìtá jùjú ṣe máa ń tún ohùn kan náà dá títí tí ohun yòókù fi ń ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ á mọ ohun tí Howe ń ṣe níbẹ̀, àfi pé ìlù tiwọn kì í dọ́gba, ẹsẹ̀ tí ó bá fẹ́ jó o ní láti kọ́kọ́ kà á.

Wọn kò ta orin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò Advision ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Eddy Offord, ẹni tí ń gba ohùn sílẹ̀ fún wọn, sì ń gé téèpù, tí ó ń so ó mọ́ra. Bí iṣẹ́ náà ṣe falẹ̀ sú Bruford. Kò pẹ́ tí wọ́n parí rẹ̀ tí ó fi bá ti rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ King Crimson, ọjọ́ díẹ̀ péré ni Alan White, tí ó ti lu ìlù fún John Lennon rí, sì ní láti fi kọ́ gbogbo orin wọn kí wọ́n tó kọjá sójú agbo ní Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ràn White, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí ó lu apá àkọ́kọ́ orin náà bí Bruford. Ó gbẹ, ó mú, ó sì máa ń fi àyè sílẹ̀ níbi tí onílù mìíràn á ti kún un.

Roger Dean ni ó ya èèpo àwo náà. Ìta rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé lásán pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ náà tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà, níbi tí adágún omi jókòó sí orí àpáta gíga, tí omi sì ń dà sílẹ̀ láti etí rẹ̀ gbogbo. Mo fi àwòrán náà han bàbá arúgbó kan láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì ní àwọn tí wọ́n ní Olósùnta kò nílò kí òyìnbó ya àpáta fún wọn. Ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò dá fóònù náà padà kíákíá.

Ó yẹ kí n kìlọ̀ nípa ohun kan tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní àkókò kan, mo san owó fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kó orin sí kádì fóònù fún àwọn oníbàárà, mo sì kọ orúkọ àwọn àwo Yes tí mo fẹ́ fún un sí ìwé. Nígbà tí mo délé, "Roundabout" tí mo bá nínú kádì náà kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Láti inú "Close to the Edge", apá kékeré kan tí wọ́n ń pè ní "Total Mass Retain" nìkan ni mo rí, ó bẹ̀rẹ̀ lójijì, ó sì tán lójijì, bí ẹni tí ó ya ojú ewé kan nínú ìwé ìtàn. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà pátápátá. Gígé tí wọ́n gé àwọn orin náà fún rédíò àti fún àwo kékeré láyé ọjọ́ náà ni ó kó. Nítorí náà, kí ẹ tó gba orin kankan sórí fóònù, ẹ wo gígùn rẹ̀: "Roundabout" gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ, "Close to the Edge" gbọ́dọ̀ ju 18 lọ. Bákan náà, ẹ má fi ẹnu fóònù nìkan gbọ́ ọ, nítorí pé béèsì Squire ni ìdajì ohun tí ẹ wá gbọ́, ẹnu fóònù a sì máa gbé e mì. Íyápíìsì tí ó mọ níwọ̀n á tó, ó sì ní àǹfààní mìíràn pé iná ọba kò lè mú un lọ ní àárín orin.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ́ àwo yìí lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán, ẹ padà sẹ́yìn sí The Yes Album ti ọdún 1971, ẹ má tíì lọ síwájú. Kaye ṣì wà nídìí dùùrù, Wakeman kò tíì dé. Ìdí nìyẹn tí ohun gbogbo fi ṣe kedere, tí kò sí ìfín tí ó pọ̀ jù. Òun ni àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ pé orin tiwọn nìkan ni ó wà nínú rẹ̀, òun sì ni mo máa ń fún ẹni tí ó fẹ́ mọ bí a ṣe ń ta gìtá. Howe dá ta orin kan tí wọ́n ń pè ní "Clap" lójú agbo ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi yọ̀ nítorí ọmọ tí wọ́n bí fún un, kò sì sí ohun mìíràn níbẹ̀ ju ìka mẹ́wàá àti igi gìtá lọ. Apá tí ó kẹ́yìn "Starship Trooper", tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "Würm", jẹ́ ohùn mẹ́ta tí wọ́n ń tẹ̀ léra, tí wọ́n ń yí po, tí wọ́n ń ga sí i láìyára, títí gìtá méjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara wọn lóhùn, ọ̀kan ní etí ọ̀tún, ọ̀kan ní etí òsì. Mo ti rí ọmọ kékeré tí ó jó sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá bá mi jiyàn pé àwo yìí gan-an ni ó yẹ kí ó ṣáájú, n kò ní bá a jà.

Fragile ni ó wá tẹ̀ lé e, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo kórìíra rẹ̀. "Roundabout" yẹ ní gbogbo ìyìn tí wọ́n fún un. Béèsì tí ó wà níbẹ̀ dà bí ẹni tí ń sáré sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tí kò sì lè dúró mọ́. "Heart of the Sunrise", tí ó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, tún dára jù ú lọ lójú tèmi, nítorí pé ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́. Wàhálà àwo náà ni pé nínú orin mẹ́sàn-án, mẹ́rin péré ni gbogbo ẹgbẹ́ jọ ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún gba àyè tirẹ̀ láti dá ohun kan ṣe: Wakeman fi dùùrù rẹ̀ tẹ díẹ̀ nínú iṣẹ́ Brahms, àgbà òǹkọ̀wé orin ará Jámánì, Bruford mú ohun kan wá tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá 35 lọ, Squire to béèsì lé béèsì lórí. Èyí ti Howe dùn, èyí ti Squire náà kò burú. Àwọn tí ó kù dà bí ọbẹ̀ tí ènìyàn márùn-ún jọ ń sè nínú ìkòkò kan, tí olúkúlùkù fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ẹni tí ó ti mọ ẹgbẹ́ náà á rẹ́rìn-ín, á sì kọjá. Ẹni tuntun á máa rò pé òun ni kò gbọ́ ọ yé.

Kí ẹni tí ó bá ti gbádùn àwọn mẹ́ta yìí lọ sórí Relayer ti ọdún 1974. Wakeman ti lọ nígbà náà, Patrick Moraz, ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, ni ó wà nídìí dùùrù. "The Gates of Delirium" gba gbogbo ojú kìíní, nǹkan bí ìṣẹ́jú 22, ogun ni ó sì ń sọ: ìpalẹ̀mọ́ rẹ̀, ìjà rẹ̀, àti ìdákẹ́jẹ́ tí ó tẹ̀ lé e. Fún ìjà náà, Anderson àti White lọ ṣa irin ara ọkọ̀ ní ibi tí wọ́n ń kó ọkọ̀ tí ó ti kú sí, wọ́n sì ń fi irin lu irin. Ó le. Ọmọ Èkìtì tí wọ́n ti sọ ìtàn Kírìjì fún ní ìdí ààrò lè gbọ́ ọ bí ìtàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe orin tí ènìyàn ń fi jẹun alẹ́. Èrè rẹ̀ wà ní ìparí, níbi tí ariwo ti kú, tí Anderson sì kọ orin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní "Soon", tí gìtá ń sunkún lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn Relayer, Going for the One ti ọdún 1977 ni ó kàn, nígbà tí Wakeman ti padà. Orin "Awaken" tí ó wà ní ìparí rẹ̀ ni mo kà sí ohun ńlá tí ó kẹ́yìn tí wọ́n ṣe. Ní Montreux, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, ni sítúdíò wọn wà. Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tí Wakeman tẹ̀ wà ní ìlú Vevey tí kò jìnnà síbẹ̀, okùn tẹlifóònù ni wọ́n sì fi gbé ohùn rẹ̀ wá bá àwọn yòókù.

Ẹ ó ti rí i pé mo fo ọ̀kan dá. Tales from Topographic Oceans, tí ó jáde ní ìparí ọdún 1973, ni ó máa ń fa ìjà láàárín àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà. Àwo méjì ni, ojú mẹ́rin, orin mẹ́rin, nǹkan bí ìṣẹ́jú 80, tí Anderson sì rí ìmísí rẹ̀ nínú àlàyé kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ojú ewé ìwé ìtàn ìgbésí ayé Paramahansa Yogananda, olùkọ́ ẹ̀sìn ará Íńdíà. Ẹni tí ó ti ń ka ọ̀rọ̀ mi bọ̀ lè rò pé òun ni mo máa yìn jùlọ, níwọ̀n ìgbà tí mo ti ń gbèjà orin gígùn. Rárá o. Orin jùjú tí ó gba ojú àwo kan ní ìdí tí ó fi gùn: ènìyàn wà tí a fẹ́ kì, ìlù wà tí ó ń bẹ ẹsẹ̀, owó sì wà níwájú orí. "Close to the Edge" náà ní ibi tí ó ń lọ. Ojú kejì àti ojú kẹta nínú Tales a máa rìn kiri bí ẹni tí ó wọ ọjà Ọba ní Adó láìní ohun tí ó fẹ́ rà. Wakeman fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ta á lójú agbo ní Manchester, oúnjẹ ni ó jẹ níbẹ̀ nídìí dùùrù rẹ̀, ó sì fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1974. N kò lérò pé olórin tiwa kan lè jẹ iyán lójú agbo kí àwọn tí wọ́n wá náwó dákẹ́. Síbẹ̀, ojú kìíní àti ojú kẹrin dára, mo sì máa ń padà sí ojú kẹrin bí mo bá ní ọ̀sán ọjọ́ àìkú tí àlejò kankan kò ní wá.

Ní ti 90125, àwo dáadáa ni, ṣùgbọ́n ilé mìíràn ni wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ kan náà. Trevor Rabin, onígìtá láti orílẹ̀-èdè South Africa, ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú orin rẹ̀ wá, Trevor Horn sì ni ó darí bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀. Howe kò sí níbẹ̀. "Owner of a Lonely Heart" dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 1984, òun nìkan sì ni orin Yes tí ó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá fi í ṣe ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó máa wá irú rẹ̀ nínú àwọn àwo ọdún 1972 àti 1974, ẹ kò ní rí i, inú á sì bí yín sí àwọn tí kò ṣẹ̀ yín. Drama ti ọdún 1980, tí Horn fúnra rẹ̀ ti lé orin nígbà tí Anderson kò sí níbẹ̀, ló yà mí lẹ́nu jù nínú àwọn tí ènìyàn kì í sọ̀rọ̀ nípa wọn. Béèsì Squire kò tíì le tó bẹ́ẹ̀ rí. Tormato ti ọdún 1978 lè dúró dè yín. Àwọn tí ó wá lẹ́yìn ọdún 1983, n kò ní sọ pé kí ẹ má gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n n kì í fi dátà mi gbọ́ wọn. Squire, tí kò sí àwo sítúdíò tí kò bá wọn ṣe nígbà ayé rẹ̀, kú ní ọdún 2015. White kú ní ọdún 2022.

Ohun kan ṣoṣo ló kù láti sọ nípa èyí tí ẹ ó yàn, nítorí pé oríṣi Close to the Edge tí ó wà kò mọ sí ẹyọ kan. Èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2003 ní àwọn orin àfikún lẹ́yìn mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ pa á nígbà tí "Siberian Khatru" bá parí, nítorí pé àwọn àfikún náà kò sí nínú àwo tí wọ́n ṣe. Èyí tí Steven Wilson, olórin ará Gẹ̀ẹ́sì, tún to àwọn ohùn rẹ̀ pọ̀ ní ọdún 2013 ni mo fẹ́ràn fún íyápíìsì, ohùn Squire àti Howe nínú apá kẹta hàn kedere níbẹ̀, olúkúlùkù sì ní ìjókòó tirẹ̀. Àbúrò mi ti gbọ́ ọ dé òpin. Ó wá sí ilé mi ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá pẹ̀lú gìtá rẹ̀, ó ní òun ti rí ohùn tí Howe ta lẹ́yìn ariwo yẹn, ó sì ta á fún mi. Ó ṣì ṣi méjì ta níbẹ̀. Ó ní kí n lé e, kí òun gbè é, a sì wà lórí rẹ̀ títí àwọn ará ilé fi ní kí a jẹ́ kí àwọn sùn.